Ìbọn Àkọ́kọ́ fún Ọdẹ Ẹyẹ àti Àwo Ìdánrawò: Èwo Nínú Mẹ́ta Ló Bá Yín Mu?

Ẹni tó bá lọ bá àwọn ọdẹ lápá Òdẹ́dá tàbí lọ́nà Ayétòrò, tó ní òun fẹ́ ra ìbọn ìgbàlódé àkọ́kọ́ òun, bí ọdẹ bá ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ni ìdáhùn tó máa gbọ́ ṣe máa pọ̀ tó. Ọ̀kan á ní kó ra ẹlẹ́nu kan kó máa lọ. Òmíràn á ní ẹlẹ́nu méjì ni ìbọn gidi. Ọ̀dọ́ kan tó ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà lórí fóònù á ní pump-action ni kó wá kiri, ìyẹn ìbọn tí wọ́n ń fọwọ́ fa igi iwájú rẹ̀ sẹ́yìn kó lè ki ọta mìíràn. Kálukú wọn, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí èyí tó wù ú lójú ló ń polówó. Àparò kan ò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Ebè tí ìbọn kọ̀ọ̀kan dúró lé ni mo fẹ́ ká wò, kí ẹ lè mọ èyí tó bá ẹsẹ̀ yín mu.

Ẹyẹ tí mo ní lọ́kàn ni àparò tó ń hú àgbàdo àti ẹ̀pà àwọn àgbẹ̀, àdàbà tó ń wá ṣa èso lóko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè, ẹtù inú ọ̀dàn àti pẹ́pẹ́yẹ igbó létí omi. Odídẹrẹ́ àti igún kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Igún ti ń tán lọ, odídẹrẹ́ sì ti wà láti 2017 lára àwọn tí àdéhùn àgbáyé fòfin de kíkó wọn láti inú igbó tà sí ilẹ̀ òkèèrè. Ẹyẹlé náà ní olówó, ẹ má tọrùn bọ ẹjọ́ ìdílé kankan.

Àwo tí mo ń wí ńkọ́? Pẹlẹbẹ róbótó ni, ó fẹ̀ tó mìlímítà 110, ó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 105. Lúbúlúbú òkúta ẹfun àti ọ̀dà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀rọ tàbí apá oníke kan tí èèyàn ń fọwọ́ jù ló máa ń sọ ọ́ sókè, ìbọn á sì fọ́ ọ lófuurufú. Àwo yìí ni àwọn òyìnbó fi ń kọ́ ojú àti ọwọ́ kí wọ́n tó wọ igbó lọ bá ẹyẹ, wọ́n sì tún ń fi díje. Ẹni tó bá ní oko tó gbòòrò, tí onílẹ̀ sì fọwọ́ sí i, lè ṣe é níbẹ̀, bó bá ti lè fi mítà 300 sílẹ̀ níwájú tí kò sí ilé, ọ̀nà tàbí àgbẹ̀ tó ń roko.

Òfin ti kọ́kọ́ yan díẹ̀ fún yín

Ọ̀pọ̀ àlàyé lórí ìbọn tí ẹ máa rí kà, ará Amẹ́ríkà ló kọ wọ́n, òfin tiwọn ló sì wà lórí wọn. Tiwa yàtọ̀. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní, irú bí ìbọn ìléwọ́, ìbọn ológun àti arọ̀jò-ọta. Ẹ̀kejì ni èyí tí èèyàn lè gba ìwé àṣẹ fún, inú rẹ̀ ni ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì wà. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ti ẹnu rọ ẹ̀tù sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í kà dé nínú ọ̀nà kejì yẹn ni pé òfin yọ ìbọn tó ń fúnra rẹ̀ ki ọta kúrò, ó sì tún yọ èyíkéyìí tó bá ní ẹ̀rọ tí ń ki ọta. Ìyẹn ni pé pump-action bíi Remington 870 àti Mossberg 500 tí ẹ ń rí nínú fídíò ti jáde kúrò nínú ohun tí à ń yàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Benelli àti Beretta tó ń yìn léraléra. Wọ́n dára bí ìbọn. Àwọn tó ń pa pẹ́pẹ́yẹ nílẹ̀ òkèèrè gbẹ́kẹ̀ lé wọn, owó wọn sì máa ń dínkù ju ti ẹlẹ́nu méjì tó dáa lọ. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró ní Làfẹ́nwá tí ó wà nínú bùútù yín, ẹ kò ní rí àlàyé ṣe.

Ìwé àṣẹ ló ń ṣáájú, ìbọn ló ń tẹ̀lé e. Olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ògùn ní Ẹlẹ́ẹ̀wẹ̀rán ni ẹ ti máa béèrè ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ lọ́wọ́. Òfin ní wọn kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ lábẹ́lé kò sí nínú ìfiwéra mi. Kì í ṣe pé mo fojú di àwọn ọmọ Ògún o. Ìbọn iléeṣẹ́ gidi ní àmì ìdánwò lára ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n ti fi kátíríìjì tó lágbára ju ti ojoojúmọ́ lọ dán an wò kí wọ́n tó tà á, àmì yẹn ló ń sọ pé kò bẹ́. Páìpù omi tí wọ́n sọ di ìbọn kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín sì ni ẹ máa gbé tì í. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin kan náà ló lòdì sí i.

Mẹ́ta ló kù: ẹlẹ́nu kan, ẹlẹ́nu méjì tí ọ̀pá rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, àti ẹlẹ́nu méjì tí ọ̀pá kan wà lórí èkejì, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní over-under. Gbogbo wọn ló ń ṣẹ́ láàárín bí ẹ bá fẹ́ ki ọta sí i.

Ẹlẹ́nu kan

Òun ló wọ́n kéré jù, òun náà ló rọrùn láti tọ́jú jù. Baikal IZH-18 tí wọ́n ṣe ní Izhevsk ní Rọ́ṣíà jẹ́ àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ọdẹ kárí ayé mọ̀. Ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ ki ọta kan, ẹ yìn ín, ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ mú òfìfo jáde. Fún ẹni tí kò tíì di ìbọn mú rí, ọta kan ṣoṣo yẹn ń kọ́ ọ ní sùúrù, torí kò sí èkejì tó máa gbà á sílẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ méjì ni. Ó fúyẹ́, ìbọn tó bá sì fúyẹ́ máa ń ta èèyàn nípàá. Àwọn aṣebọn ayé àtijọ́ ní ìṣirò kan fún èyí: kí ìbọn wúwo ní ìlọ́po 96 ọta tó máa yìn. Ọta gíráàmù 28, ìyẹn ìwọ̀n òjé tó wà nínú kátíríìjì kan, ń fẹ́ ìbọn tó sún mọ́ kílò 2.7, èyí tí ẹlẹ́nu kan lè gbé. Ẹni tó bá wá ra kátíríìjì gíráàmù 36, tó ní òun fẹ́ alágbára, ìbọn tó tó kílò 3.5 nìyẹn ń béèrè. Bó bá fi ẹlẹ́nu kan yìn ín, èjìká rẹ̀ á wú. Kò ní pẹ́ tí á fi máa dijú kó tó fa apátí, àṣà yẹn sì le láti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ìṣòro kejì jẹ mọ́ àwo. Nínú skeet, ọ̀kan lára eré àwo, ilé méjì ni wọ́n ti ń ju àwo, àwọn ibi kan sì wà tí méjì máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ni ọta kan fẹ́ ṣe níbẹ̀? Nínú trap, eré àwo mìíràn, àwo kan ló ń sá lọ níwájú yín, ẹlẹ́nu kan lè gbìyànjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé àwo wà lára ohun tí òun fẹ́ ṣe déédéé, á padà rà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹlẹ́nu méjì, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́

Ẹ jẹ́ ká wọ oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn Òdẹ́dá. Ìrì ṣì wà lórí ewé, ẹ ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú ebè. Àparò kì í tètè fò. Á lúgọ títí ẹsẹ̀ yín á fi fẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà á bú gbàù sókè ní bíi mítà mẹ́wàá sí yín, á fò nílẹ̀nílẹ̀, á sì dorí kọ igbó. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń yí ìbọn sí i ni èkejì á tún fò níbi tó jìnnà díẹ̀, kí ẹ sì tó rí i dáadáa ó ti lé ní mítà 30.

Níbí ni ìbọn yìí ti ń jẹ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní apátí méjì, ọ̀kan fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá ọ̀tún, tí apátí iwájú ń yìn, máa ń tú ọta rẹ̀ ká kíákíá fún ẹyẹ tó wà nítòsí. Ọ̀pá òsì di tirẹ̀ pọ̀ fún èyí tó ti jìnnà. Ìka yín ló ń yàn, kò sí bọ́tìnnì tí ẹ máa wá kiri. Ẹ sún un sẹ́yìn lórí apátí kejì, ó parí. Bí apátí kan bá sì bàjẹ́ sínú igbó, èkejì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ó tún fúyẹ́ fún ìrìn gígùn. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọdẹ ẹyẹ kì í sábà ju kílò mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ki ọta, kò níláti ṣẹ́ wálẹ̀ púpọ̀, torí náà ẹ lè kì í láàárín igi ẹ̀gẹ́ láìjẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹnu ìbọn tó bá wọ erùpẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ọ̀pá náà lè ya lójú ẹ̀mí yín.

Àìdáa rẹ̀ lórí àwo ni pé ọ̀pá méjì tó fẹ̀ níwájú ojú máa ń bo àwo díẹ̀, àti pé ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ń fa ìbọn síbi tirẹ̀ nígbà tó bá yìn. Àwọn àgbà kan wà tó ń fi í fọ́ àwo bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àgbà.

Over-under

Ọ̀pá kan ṣoṣo ni ojú ń rí, ìyẹn sì mú kí ó rọrùn láti tẹ̀lé ohun tó ń fò. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yìn. Bó sì ṣe wà nísàlẹ̀ yẹn, tààrà sí èjìká ló ń ti ìbọn, kì í gbé ẹnu rẹ̀ sókè púpọ̀, kí ẹ lè tètè dé orí àwo kejì. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí i lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn tó ń díje nínú trap àti skeet ní Òlíńpíìkì. John Browning ló sọ irú ìbọn yìí di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè rà. Superposed tó ṣe dé ọjà ní 1931, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó kú, ọmọ rẹ̀ Val ló sì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn tuntun máa ń ní choke tó ṣeé tú, ìyẹn òrùka irin tí ẹ ń yí bọ ẹnu ọ̀pá láti pinnu bí ọta ṣe máa tú ká tó. Ìbọn kan náà á bá yín lọ sóko àparò láàárọ̀, á sì bá yín fọ́ àwo nírọ̀lẹ́. Ohun tí ẹ máa fi san án ni owó tó pọ̀ sí i àti ìwọ̀n tó wúwo sí i. Ti àwo máa ń lé ní kílò 3.5, ẹ kò ní fẹ́ gbé e káàkiri ọ̀dàn lójú oòrùn ọ̀sán. Ó tún níláti ṣẹ́ wálẹ̀ dáadáa kí ọ̀pá ìsàlẹ̀ tó gba kátíríìjì, èyí tó máa ń dààmú èèyàn nínú igbó dídí.

Níbi tí mo dúró sí

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, ẹni tó fẹ́ ṣe méjèèjì ní tòótọ́, kó ra over-under tó wà láàárín, bíi kílò 3.2, tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 28. Baikal IZH-27 àti irú rẹ̀ kò dán lójú, apátí wọn sì máa ń le díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń pẹ́. Ẹni tí owó kò ni lára, kó wo Beretta 686, over-under ni, kì í ṣe ti ayìn-léraléra. Ẹni tó jẹ́ pé oko ló ń lọ, tí àwo kò ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ fún un, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbàlódé dẹ́rù bà á. Ẹlẹ́nu kan wà fún ẹni tí owó rẹ̀ mọ síbẹ̀, tàbí tó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọdẹ yìí wu òun dénú.

Nọ́ńbà 12 tàbí 20?

Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ihò ọ̀pá ṣe fẹ̀ tó, 12 sì fẹ̀ ju 20 lọ. Nọ́ńbà 12 ni kí ẹ rà. Ohun tó mú mi lé e bẹ́ẹ̀ ni kátíríìjì: 12 ni ẹ máa tètè rí lọ́wọ́ àwọn tó ní àṣẹ láti tà á, òun náà ló ní oríṣiríṣi ọta jù. Nọ́ńbà 20 fúyẹ́, ó dùn lọ́wọ́ obìnrin àti ẹni tí ara rẹ̀ kò tóbi, mo sì gbà pé fún àdàbà ó tó. Ṣùgbọ́n ìbọn tí kò rí ọta jẹ, igi ni.

Ẹni tó bá ní méjèèjì nílé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidi. Kátíríìjì 20 máa ń yọ̀ wọ inú ọ̀pá 12, á lọ há sí iwájú níbi tí ẹ kò ti ní rí i. Ẹ rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ ki 12 tẹ̀lé e, ẹ yìn ín. Ọ̀pá á bẹ́. Nítorí èyí ni àwọn iléeṣẹ́ fi ń kun 20 ní ọ̀dà yẹ́lò, kí ojú lè tètè mọ̀ ọ́n. Ẹ má dà wọ́n pọ̀ sínú àpò kan.

Ẹ tún wo gígùn tó wà lára ọ̀pá: 65, 70 tàbí 76 mìlímítà. Kátíríìjì tó gùn ju ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, bó tilẹ̀ gbà á. Èyí tí ẹnì kan tún fọwọ́ kún nínú ilé, ẹ dá a padà fún un.

Choke àti ọta

Wọ́n ń fi òbìrí tó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 76 wọn choke ní bíi mítà 36. Ọ̀pá tí wọn kò fún lẹ́nu rárá, cylinder, ń kó bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọta rẹ̀ síbẹ̀. Improved cylinder ń kó 50, modified 60, full 70. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń rò pé full ló dáa jù torí ó ń lọ jìnnà. Fún àparò tó fò ní mítà mẹ́wàá, full á tàsé rẹ̀, tàbí kó fọ́ ọ dànù débi tí kò ní sí ohun tí ẹ máa fi sebẹ̀. Improved cylinder àti modified ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe oko ìbáà ṣe àwo.

Ní ti ọta wẹ́wẹ́ inú kátíríìjì, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń tóbi ni ọta ń kéré. Fún àwo, 7½ sí 9. Fún àdàbà, 7½. Fún àparò, 6. Ẹtù ní ìyẹ́ tó nípọn, ẹ lo 5 tàbí 4. Òjé ni púpọ̀ nínú ọta yìí, ó sì ní oró, ẹ tẹ ẹran náà wò dáadáa kí ó tó wọ ìkòkò, pàápàá bí ọmọdé bá máa jẹ níbẹ̀.

Kó bá ara yín mu

Èyí ṣe pàtàkì ju orúkọ iléeṣẹ́ lọ, ó sì ń ṣẹlẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ìbọn náà, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ rí i pé òfìfo ni. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Ògiri ni kí ẹ kọjú rẹ̀ sí.

Ẹ wo àmì kan lára ògiri, ẹ dijú, ẹ gbé ìbọn sí èjìká kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan igi rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ lajú. Ó yẹ kí ẹ rí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀pá ní àárín gbùngbùn, lórí àmì yẹn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìbọn nìkan lẹ rí, igi rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, ìsàlẹ̀ lẹ máa gbà tàsé. Bí ẹ bá rí gbogbo ẹ̀yìn ọ̀pá bí ọ̀nà títì, ó ga jù. Àyè ìka méjì sí mẹ́ta ló yẹ kó wà láàárín imú yín àti àtàǹpàkò tó di ìbọn mú. Ìbọn ilẹ̀ òtútù, wọ́n gé igi rẹ̀ fún ẹni tó wọ kóòtù nínípọn. Bùbá ni àwa ń wọ̀, nítorí náà ó lè kúrú díẹ̀ fún yín. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó mọṣẹ́ lè fi rọ́bà kún un, kì í ṣe wàhálà.

Ẹ tún mọ ojú tó ń darí yín. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré, ẹ wo nǹkan kan láti inú rẹ̀, kí ẹ sì pa ojú òsì dé. Bí nǹkan náà bá sá kúrò nínú ihò, ojú òsì ló ń darí, èjìká òsì sì ni kí ẹ ti kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ wa, tòkunbọ̀ la máa rà, kò sì burú. Ìbọn tó dáa ń lo ọdún tó pọ̀ ju olówó rẹ̀ lọ. Ẹ yọ igi iwájú tí ọwọ́ òsì ń dì mú, ẹ pa ìbọn dé, kí ẹ mi í lójú etí yín. Bó bá ń mì pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ níbi tó ti ń ṣẹ́, ó ti rẹ̀. Ẹ wo irin tí àtàǹpàkò ń tì láti ṣí i: ní ìgbà ọ̀tun rẹ̀, ó máa ń dúró díẹ̀ sí ọ̀tún, bó bá ti kọjá àárín sí òsì, ó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀.

Ẹ mú ọ̀pá kúrò, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ẹ wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn sí iwájú. Ó yẹ kí inú rẹ̀ máa dán bí omi. Ihò kéékèèké dúdú ni ìpẹtà tó ti jẹun, òjò àti ooru wa sì máa ń mú kó yára. Èyí tí wọ́n fi króómù tẹ́ inú rẹ̀ ń farada èyí ju òmíràn lọ. Ẹ wá fi ìka kan ṣoṣo gbé ọ̀pá náà dúró níbi kọ́lọ́fín rẹ̀, kí ẹ fi èékánná kàn án. Bó bá dún gbọnranran bí agogo, ọ̀pá méjèèjì ṣì dì mọ́ra. Bó bá dún pò, níbi kan ló ti ya. Èyí tí ara ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà wíwé bí awọ ejò, ọ̀pá ayé àtijọ́ ni, ògiri ni kí wọ́n gbé e kọ́, kátíríìjì òde òní lè fọ́ ọ.

Ẹ wá ka nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá, ẹ ka èyí tó wà lára irin ibi tó ti ń ṣẹ́, kí ẹ sì ka èyí tó wà nínú ìwé ẹni tó ń tà á. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, tàbí tí wọ́n ti fi fáìlì ra á, ẹ má dúró dúnàádúrà.